Àpótí Ìyá Mi Ń Bọ̀ Wá Bá Ọ ní Ìkàrẹ́

Ọ̀kà,
Òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà Ìkàrẹ́.

Èsítérì, Àbẹ̀ní mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ, Tíṣà. Mo kí ìyá ọkọ rẹ pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ dá mi lóhùn nígbà tí a ríra kẹ́yìn. Ara mi ti ń le díẹ̀díẹ̀. Àbúrò rẹ tuntun kò tíì pé ogójì ọjọ́, òun ni kò jẹ́ kí n dìde kí n rìn wá bá ọ, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu ló yẹ ká fi sọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, òun wà lẹ́nu ọmú ní apá òsì. Níbi tí o bá ti rí i tí ìlà wọ́, òun ló ta ẹsẹ̀.

Ìwé rẹ dé lánàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí, mo tún fà á yọ. O ní àlùfáà tuntun yín ti pa ìsìn méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan: ìsìn òwúrọ̀ ti ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìrìbọmi tí ẹ sì mọ̀wé, àti ìsìn ọ̀sán ti àwọn tí kò mọ̀wé, àwọn obìnrin ọjà àti àwọn tó jẹ́ ìyàwó kẹta nílé ọkọ. O ní ńṣe ló ń ka orin ní ìlà kọ̀ọ̀kan fún wọn kí wọ́n tó gbè é, tí orin kan ṣoṣo fi ń pẹ́ títí sùúrù yóò fi tán nínú ẹni. O ní wọ́n ń pàtẹ́wọ́. O ní obìnrin kan gbé agbọ̀n ata wọlé, ó sì sọ̀ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ gan-an nígbà tí ẹ ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àbẹ̀ní, mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Dárí jì mí.

Ìparí ìwé rẹ ló gba ẹ̀rín náà lẹ́nu mi. O ní ìwọ tí o jẹ́ olórí àwọn obìnrin akọrin, àti àwọn mẹ́fà mìíràn, ti fohùn ṣọ̀kan pé ní Sọ́ńdè ìkórè, bí àlùfáà bá ti pe ìlà orin àkọ́kọ́, ẹ ó dìde, ẹ ó jáde, ẹ ó sì máa ṣe ìsìn tiyín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọ̀kan nínú yín láti ọjọ́ náà lọ. O wá kọ ọ́ pé: “Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ilé Ọlọ́run kì í ṣe ọjà.”

Òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi láti Ìkàrẹ́, ẹ̀rù sì bà mí.

Sọ́ńdè ìkórè ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bàbá Sùlé tó ń ta ẹní ń lọ sí ọjà Ìkàrẹ́ lọ́la. Òun ni yóò mú ìwé yìí wá, pẹ̀lú ẹrù kan tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Jọ̀wọ́, má ṣe kà á níwájú àwọn mẹ́fà náà. Kà á ní ìwọ nìkan. Ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò sọ fún ọ rí, ìwọ sì ni mo pọ̀n sẹ́yìn lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀.

O ò lè rántí bí inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe rí nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Kò sí pèpéle kankan níbẹ̀. Olúkúlùkù ló ń gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá láti ilé. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi, àpótí rẹ̀ wà níwájú. Ẹni tó tẹ̀ lé e, àpótí tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò tíì ṣe ìrìbọmi kò ní àpótí, orí ẹní ló ń jókòó sí ní ẹ̀yìn, nítòsí ẹnu ọ̀nà tí òjò ń fẹ́ wọlé. Bí ẹnì kan nínú wa bá sì kú, a kì í gbé àpótí rẹ̀ kúrò. Ó ń wà ní àyè rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e. Ìdí nìyẹn tí àpótí ìyá mi fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lẹ́yìn tó kú. Bàbá mi, tí ogun Tápà kó ní kékeré, tó di onígbàgbọ́ ní Èkó, tó sì padà wá sí Ọ̀kà pẹ̀lú Bíbélì kan lábẹ́ apá, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ àpótí náà fún un.

Èmi ni mo ń to àpótí àwọn obìnrin. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo ń gbá ilẹ̀, mo sì ń tò wọ́n. Mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé bí ẹni mọ eyín ẹnu rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin ní Èkó ni mo ti dé. Ní gbogbo Ọ̀kà, èmi nìkan ni obìnrin tó lè ka Ìwé Àdúrà láti orí dé ìdí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo gbéra ga. Mo rò pé bí n kò bá to àpótí, Ọlọ́run kò ní mọ ibi tí yóò yà sí.

Katikíìsì tuntun kan dé. Kò tíì lo oṣù méjì tó fi sọ pé, “Ilé yìí ti di ilé àpótí, kò jẹ́ ilé ènìyàn mọ́.” Ó ní kí ọkùnrin po amọ̀, kí obìnrin pọn omi, kí a mọ pèpéle yí gbogbo inú ilé ká. Pèpéle kì í ṣe ti ẹnì kan, ó ní, ẹni tó bá dé ni kó jókòó. Kí kálukú gbé àpótí rẹ̀ lọ sílé.

Mo pọn omi náà o. Ṣùgbọ́n létí odò níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

“Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe ìyàwó kẹta lánàá, òun ni yóò máa jókòó síwájú Ìyá Àgbà tó ṣe ìrìbọmi ṣáájú gbogbo wa!”

“Èmi o, amọ̀ yẹn á tutù fún ìdí mi,” ni ọ̀kan wí.

“Ìdí rẹ náà ni Ọlọ́run ń wò?” ni èkejì dá a lóhùn.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò fi í sílẹ̀. Mo ní, “Ẹ gbọ́, ní Sọ́ńdè, kí olúkúlùkù gbé àpótí rẹ̀ wá. Bí a bá pọ̀, kí ni yóò fi wá ṣe?”

A jẹ́ mọ́kànlá. A to àpótí wa síwájú pèpéle tuntun náà, a sì jókòó, a kẹ̀yìn sí i. Ẹni tó bá jókòó lórí pèpéle ní ìhà obìnrin, ẹ̀yìn wa nìkan ni yóò máa wò. Mo gbé àpótí ìyá mi sí àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lófìfo.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Orin kejì ni a wà nígbà tí Ìyá Àwẹ̀ró wọlé. O kò mọ̀ ọ́n. Òun náà ni ogun Tápà kó, ṣùgbọ́n òun kò rí Èkó, oko ẹrú ló wà fún ọdún méjìlá kí ó tó rí ọ̀nà padà. Ọmọ kan kò bá a dé. Ọkùnrin kan fi í ṣe ìyàwó kẹta, ó sì ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìbọmi fún ọdún kan lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Omi ń ro tótó lára aṣọ rẹ̀. Katikíìsì ti sọ fún wọn pé kò sí ẹní mọ́, pèpéle ni kí wọ́n lọ. Ó wo pèpéle, kò rí ibi tí yóò gbà kọjá láàrin wa. Ó rí àpótí kan tó ṣófo. Ó jókòó lé e.

Mo pa Ìwé Orin dé. Mo sọ ọ́ sókè, kì í ṣe sínú: “Ẹ dìde níbẹ̀. Àpótí òkú ni.”

Orin dúró. Ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu omi tó kán sórí àpótí náà, ó nù ún dáadáa, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó wá ní, “Ọmọ mi, ọdún méjìlá ni mo fi jókòó sílẹ̀ nílé àwọn tó rà mí. Mo rò pé ibí ló yàtọ̀ ni.” Ó sì jáde sínú òjò.

Kò padà wá mọ́.

Katikíìsì kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. Ní Sọ́ńdè kejì, àwa mẹ́sàn-án la gbé àpótí wá. Ní ìkẹta, mẹ́ta. Ní ìkẹrin, èmi nìkan ló kù níwájú pèpéle bí òòṣà tí kò ní olùbọ. Mo gbé àpótí méjèèjì relé.

Oṣù méje ni mo fi ń sọ pé màá lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí iṣu kọ́kọ́ jáde. Mo ní kí o kọ́kọ́ rìn. Nígbà tí mo lọ, ẹ̀yìn mi ni o wà. Yàrá kan ló ń gbé, àpótí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó fi aṣọ nù ún, ó ní kí n jókòó, òun sì jókòó sílẹ̀. Mo ní n kò ní jókòó. Ó ní, “Jókòó, jàre. Àpótí alààyè lèyí.” Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà ọ́ lọ́wọ́ mi, o tọ̀ sí i lára, o sì sùn lọ lórí itan rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ti tán, inú òun kò bí. Mo ní kó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Ó mi orí. “Mo ti foríjì ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ ọ̀nà yẹn. Èmi pàápàá ti bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́.” Ilé rẹ̀ ló kú sí lọ́dún kejì, láìṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sin ín sẹ́yìn ilé. Mo wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọrin.

Mo dáwọ́ dúró níbí yìí kí n pa ìlédìí ọmọ dà. Mo ti dé.

Àbẹ̀ní, ìmọ̀ràn tí mo rí kó jáde nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Èmi ti wo ẹ̀yìn títí ọrùn ń ro mí.

Èkíní. Bí wọ́n bá yí nǹkan padà nínú ìjọ, ohun tí à ń kọ́kọ́ bi ara wa ni pé, “Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi?” Ìbéèrè burúkú kọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Bi ara rẹ pé, “Ta ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún?” Ká ní mo béèrè bẹ́ẹ̀ létí odò, orúkọ Ìyá Àwẹ̀ró ì bá wá sí mi lẹ́nu. Ẹ̀yin méjèèje, ṣé ẹnì kan nínú yín mọ orúkọ obìnrin alágbọ̀n ata yẹn? Mo wò ó nínú ìwé rẹ, n kò rí i.

Èkejì. Má ṣe kó ènìyàn jọ kí o tó bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀. N kò lọ bá katikíìsì rárá, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Létí odò ni mo ti gbọ́n. Ẹni mẹ́fà tí o kó jọ, ẹnu wọn ni yóò máa tì ọ́ lọ nígbà tí ọkàn tìrẹ bá ti fẹ́ padà. Ojú a máa ti ènìyàn láti padà níwájú àwọn tó pè. Mo mọ̀ ọ́n.

Èyí tó tẹ̀ lé e, gbọ́ ọ dáadáa, nítorí n kò fẹ́ kí o sọ pé ìyá òun ti di ẹni tí gbogbo nǹkan dára lójú rẹ̀. Àyípadà kì í ṣe Ọlọ́run. Katikíìsì yẹn kan náà gbé àdúrà àárín ọ̀sẹ̀ sí àfẹ̀mọ́júmọ́, ìgbà tí gbogbo obìnrin Ọ̀kà wà lọ́nà odò. Òun àti alángbá nìkan ló ń ṣe é. Ìyá Àgbà lọ bá a, ó ní, “Ọmọ mi, Ọlọ́run tó o jí lówùúrọ̀ yẹn, ta lo ní kó máa gbọ́?” Katikíìsì fi ọwọ́ họ orí, ó sì gbé e padà. Ìyá Àgbà kò jáde, kò kó ẹnì kankan lẹ́yìn. Ó lọ sọ ọ́ lójú ẹni náà, ó sì dúró gbọ́ èsì. Nítorí náà, bí o bá rí i pé pípe orin ní ìlà kọ̀ọ̀kan ń ba orin jẹ́, lọ sọ fún àlùfáà yín. Bóyá ìwọ gan-an ni kó máa pè é, o lóhùn ju òun lọ. Bóyá wàá kọ́ wọn ní ìwé pẹ̀lú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ti pípàtẹ́wọ́ ńkọ́? Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ nípa ìyá bàbá mi. Nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ dé láti Èkó, tó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì nínú àgbàlá, ìyá rẹ̀ fi òwú dí etí méjèèjì. Ó ní, “Orin wo lèyí, tí kò ní àtẹ́wọ́, tí kò ní ijó, bí ẹni ń sunkún òkú tí kò mọ̀?” Ó ní ọmọ òun ti ba ìlú jẹ́. Ọdún mẹ́rin ni òwú yẹn fi wà létí rẹ̀. Orin tí ìwọ ń dáàbò bò lónìí, òun lohun tuntun tó ń ba ìlú jẹ́ nígbà náà. Nígbà tí ó sì ń lọ sí ọ̀run, ọ̀kan nínú àwọn orin náà ló wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ lu ẹní sí i. A kò sọ pé kó dáwọ́ dúró.

N kò mọ iye tí mo ti kà mọ́. Ẹ̀kẹrin ni tàbí ẹ̀karùn-ún: fún ara rẹ ní àyè láti banú jẹ́. Wọn kò sọ èyí fún mi. Ní Sọ́ńdè tí mo kọ́kọ́ jókòó lórí pèpéle, amọ̀ náà tutù lóòótọ́, ẹ̀yìn ro mí, mo wo ibi tí àpótí ìyá mi ń wà, mo sì sunkún títí ìsìn fi parí. Bí ẹni tó kú lẹ́ẹ̀kejì ni. Bí o bá sunkún nítorí ìsìn òwúrọ̀ yín, sunkún. Ẹni tó ń sunkún lè jókòó síbẹ̀ kó máa sunkún. Kò di dandan kó jáde.

Tíṣà ńkọ́? O kò sọ ohun tí ó wí. Bí o bá jáde ní Sọ́ńdè, ojú òun ni wọn yóò máa wò nílé-ìwé ní Mọ́ńdè. Bi í léèrè. Má tìtorí pé ó dákẹ́ kí o ní ó gbà. Ṣé o sì ń jẹun? Ìwé rẹ rù.

Wàyí o, ti ẹrù náà. Àpótí ìyá mi ni. Ó ti wà lókè àjà láti ọjọ́ tí mo gbé e wálé. Bàbá Sùlé yà síbí lówùúrọ̀ yìí láti wo bó ṣe wúwo tó. Ó gbé e yípo, ó ní, “Ìyá Èsítérì, kò sí àpótí ní Ìkàrẹ́ ni?”

Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Èsítérì yóò gbé e lọ.

“Háà! Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ ò ríbi jókòó sí títí di ìsinsìnyí? Tiwa rọrùn. Ẹní kan ni gbogbo wa ń tẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló wà níwájú.”

“Kí ló dé tí àlejò kan fi ń jà nítorí àyè níwájú ní mọ́ṣáláṣí yín lọ́dún tó kọjá?” ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣubú. “O ti gbọ́ ìyẹn náà? Ènìyàn ni gbogbo wa, jàre.” Ó sì kọ̀ láti gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi fún ẹrù náà.

Àbẹ̀ní, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ nìyí. N kò sọ pé kí o má jáde. O ti dàgbà, ilé ọkọ lo wà, n kò sì lè di ẹsẹ̀ rẹ mú láti Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n ní Sọ́ńdè ìkórè, tètè dé. Gbé àpótí yìí sí ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ní ìhà obìnrin. Má jókòó lé e. Dúró tì í. Obìnrin àkọ́kọ́ tó bá wọlé tí kò rí àyè, ẹni yòówù kó jẹ́, ì báà gbé ata, ì báà gbé iṣu, di ọwọ́ rẹ̀ mú, bi í ní orúkọ rẹ̀, kí o sì fi í jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ sí àyè rẹ láàrin àwọn akọrin.

Bí àlùfáà bá wá pe ìlà àkọ́kọ́, tí ìwọ àti àwọn mẹ́fà náà ṣì fẹ́ jáde, ẹ jáde. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni. Ẹ ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pè é ní orúkọ rẹ̀ kí o tó kọjá, kí o sì sọ ìdí tí o fi ń lọ fún un.

Ọmọ ti jí, ó ń wò mí bí ẹni tó mọ ohun tí mo ń kọ. Mo fi ọ́ lé ọwọ́ Ẹni tó mọ ìjókòó rẹ àti ìdìde rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń dúró de èsì.

Mo gbàgbé: àpótí náà ti là díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tí omi aṣọ Ìyá Àwẹ̀ró kán sí ni, tàbí kí n máa rò ó bẹ́ẹ̀. Kò ní já. Ṣùgbọ́n sọ fún ẹni tó bá jókòó lé e pé kó jókòó sáàárín, kó sì fara balẹ̀.